Fẹ̀yìn Rìn, Yesenia

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lo ò bá mi sọ̀rọ̀.
Aago mẹ́rin ìdájí, o wọ búùtù,
o gbé àpótí yìnyín sẹ́yìn ọkọ̀,
o fi fìlà bojú, o sùn títí a fi dé Sàpátà,
tàbí o díbọ́n pé o sùn. Bàbá kì í mọ ìyàtọ̀.

Etí adágún. Òkùnkùn ṣì wà nínú koríko.
Ọkọ̀ mẹ́rin tò sẹ́yìn wa, iná wọn mọ́lẹ̀ sí wa nídìí,
ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá jáde lẹ́nu rẹ:
"Ẹ jẹ́ kí n rífáàsì ẹ̀."
Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Mo fún ọ ní kọ́kọ́rọ́.

O yí ìdarí sósì, tirélà gba ọ̀tún lọ.
O yí i sọ́tùn-ún, ó ká bọ̀ bí apá adìẹ.
Ọkùnrin kan fọn fèrè. Òmíràn rẹ́rìn-ín.
Etí rẹ pọ́n. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé,
mo sọ ohun tí bàbá mi, Evaristo àgbà, sọ fún mi
níbí yìí kan náà, kí omi tó fà sẹ́yìn tó báyìí:
"Má dì í mú lókè. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti dì í mú.
Ibi tọ́wọ́ ẹ bá ń lọ, ibẹ̀ náà ló ń lọ.
Rọra. Ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn kì í sáré."
Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọkọ̀ ojú omi wọ omi wọ́ọ́rọ́wọ́.
O ò wojú mi. Ṣùgbọ́n mo rí eyín rẹ kan nínú dígí.

Báàsì ò gbọ́ tẹnì kankan láàárọ̀ náà.
A ju ekòló rọ́bà aláwọ̀ àlùkò
sábẹ́ igi mẹ́súkíìtì tó ti rì,
a fà á bọ̀, a jù ú, a fà á bọ̀.
Àkọ̀ kan fẹsẹ̀ kan dúró, ó ń wò wá
bí olùkọ́ tó mọ̀ pé a ò kàwé.
Lódìkejì, ilẹ̀ Mẹ́síkò ń yọ nínú ìkùukùu;
àárín omi ni ààlà wà, ẹja ò mọ̀ ọ́n.
A jẹ tọ́tíyà ẹlẹ́wà tàná.
O fún mi ní ìdajì tìrẹ. Mi ò béèrè ìdí.

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀, ọ̀pá mi tẹ̀.
Ó wúwo, ọmọ, ó wúwo! Ó fò sókè,
ẹnu gbàgbàdà bí àpò tí wọ́n gbàgbé láti dì,
ó mirí lẹ́ẹ̀kan péré, ìwọ̀ ta padà,
ó gbé fìlà mi jù sómi.
Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ, ẹ̀rín tí mo rò pé
o ti kó pamọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọláńgidi rẹ.
Èmi náà rẹ́rìn-ín. Fìlà ń léfòó lọ sí Mẹ́síkò
láìní ìwé ìrìnnà.

Tìrẹ kéré, kò ju ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé lọ:
àwọ̀ ewé, ìlà dúdú láti ojú dé ìrù.
O ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́ lẹ́nu
bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.
Ẹja lò ń wò, kì í ṣe èmi, nígbà tó o ní:
"Mo fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ mọ́mì. Ní sáà tó ń bọ̀."

Mo ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ fún èyí. Ọ̀rọ̀ gígùn.
Mo ti tún un ṣe lórí òrùlé àwọn oníbàárà,
nínú oòrùn, láàárín ẹ̀rọ amúlétutù tó bàjẹ́.
Ọwọ́ mi ti dé òkè ìdarí.
Mo ní, "Dá a padà sómi kó tó gbẹ."
O tẹ̀ ba, o dì í mú nínú omi. Ó mí. Ó mí.
Agbára rẹ̀ ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ọwọ́ rẹ.
O ò jù ú. Fúnra rẹ̀ ló lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo wọ omi dé orúnkún,
ìwọ wà nídìí ọkọ̀, mo ń fọwọ́ pè ọ́:
máa bọ̀, máa bọ̀, díẹ̀ sí i, ọ̀tún díẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó fọn fèrè.
Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè: dúró.
O dúró. O pa ẹ́ńjìnnì.
Ọwọ́ mi ṣì wà lókè.