Mo Tà Ọ́, Má Bínú

Má bínú, jíìpù bàbá mi,
má fi iná ojú rẹ kan tó kù wò mí bẹ́ẹ̀.
Mo ti gbá yìnyín kúrò lórí rẹ fún ìgbà ìkẹyìn,
mo ti kó ìbọ̀wọ́ mi àti ìwé owó epo jáde.
Ẹni tó rà ọ́ ti ń bọ̀ láti Darkhan.

Ta ni kò mọ̀ ọ́ ní òkè Ulaanbaatar?
Akíkanjú tí í gun yanrìn Gobi bí ẹní gun àtẹ̀gùn,
a-bú-ramúramù-jí-ọmọ-tuntun,
a-mu-epo-bí-ràkúnmí.
Àní ràkúnmí sàn: bó bá mu lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Ìwọ mu láàárọ̀, o tún yọ ahọ́n lálẹ́.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù Kejìlá nìkan,
lítà igba ó lé mẹ́rìndínlógún.
Owó tí mo fi òru mẹ́rìnlá ṣọ́ aláìsàn gbà,
ìwọ lo gbé e mì.
Ìyókù la fi ra èédú,
àti oògùn ikọ́ Temuulen.

Bàbá mi Gombosuren wọ bọ́ọ̀sì láti pápá
kó lè bá mi yan òmíràn.
Kò mọ ọkọ̀. Ẹṣin ló mọ̀.
Lọ́jà àlòkù, oníṣòwò mú wa dé ìdí dúdú gàgàrà kan,
ìjókòó aláwọ, táyà bí ọlọ ìlọta.
"Ẹ wò ó bó ṣe ń dán!"
Bàbá ní, "Kí ló ń jẹ? Báwo ló ṣe ń rìn jìnnà tó lórí rẹ̀?"
Oníṣòwò rẹ́rìn-ín.
Bàbá ò rẹ́rìn-ín.
"Lọ́dún tí òtútù pa agbo wa,
ẹṣin tó ń dán ló kọ́kọ́ ṣubú.
Èyí tó mọ oúnjẹ jẹ ló gbé mi dé ilé."

Ló bá kù wá ku Tòyótà kékeré kan láti Japan,
ìdarí rẹ̀ lápá ọ̀tún, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kan láwọ̀ ọ̀tọ̀,
tó ń fi bátìrì ran epo lọ́wọ́.
Ó ń bá wa sọ èdè Japan, a ò gbọ́ ìkankan.
Oníṣòwò tẹ bọ́tìnnì.
Kẹ́kẹ́ pa.
Bàbá ní, "Ó ti kú."
"Rárá, bàbá, ó ti tan."
Bàbá kúnlẹ̀ nínú yìnyín, ó fi etí lé e lára
bí ẹní ń gbọ́ ọmọ nínú abo ẹṣin.
Ó lọ sẹ́yìn, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ibi tí èéfín ń gbà,
ó gbóòórùn ọwọ́ ara rẹ̀.
"Ẹ rà á," ni gbogbo ohun tó wí.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, jíìpù.
Bátìrì rẹ̀ ti dàgbà, mo ń bẹ̀rù ọjọ́ ikú rẹ̀.
Bí òtútù bá le, bùláńkẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń bò ó bí ọmọ màlúù.
Òkúta tí ìwọ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń họ ọ́ níkùn.
Èéfín ìlú wa kì í sì í ṣe tìrẹ nìkan,
gbogbo sítóòfù òkè yìí ló ń tú u.
Temuulen ṣì ń wúkọ́.
Ṣùgbọ́n oṣù Kìíní, lítà mọ́kànléláàádọ́rin.
Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ra bàtà onírun fún ọmọ, owó ṣì kù lọ́wọ́ mi,
n ò tilẹ̀ mọ ibi tí mo máa fi í sí.

Ará Darkhan ti dé. Ó ṣí ọ.
O bú ramúramù, gbogbo àdúgbò mì,
Temuulen sì sáré jáde láìwọ bàtà tuntun,
"Bàbá àgbà ń lọ! Bàbá àgbà ń lọ!"
Bàbá àgbà wà nínú ilé, ó ń mu tíì oníwàrà,
kò yọjú.

Báyìí, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lóru,
ajá wa kì í gbọ́.
Ó di ìgbà tí mo bá fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn
kó tó fò sókè, kó tó gbó,
ojú á sì tì í.