Agolo Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Aago méjì òru, páìpù bẹ́ nílé wa l'Ódè Rẹ́mọ.
Kí n tó rí iná tàn,
gàrí ti di ẹ̀bà tútù nínú àpò.
Mo pe Odùgbẹ̀san; fóònù rẹ̀ kú.

Mo wá rántí agolo bísíkíìtì bàbá mi:
sipánà tó ti dípẹtà, téèpù funfun,
rọ́bà kẹ̀kẹ́ tó gé ní tẹ́ẹ́rẹ́.
Ahun la máa ń pè é,
torí kì í ju nǹkan nù.

Mo fi sipánà mú kọ́ọ̀kì ìta. Ó ké.
Mo tún yí i.
Mo fi rọ́bà di páìpù bí ọgbẹ́ ọmọ.

Ilẹ̀ mọ́. Odùgbẹ̀san dé, ó fọwọ́ kàn án:
"Ta ló ṣe èyí?"
Mo ní, "Ahun kan ni."