Ohùn Láti Ojú Fèrèsé Tíṣà

Láago mẹ́jọ alẹ́, bí NEPA bá ṣíjú àánú wo Òmù-Àrán,
tẹlifíṣàn Tíṣà Aboyèjí á dún gba ojú fèrèsé.
Àwa ò ní tiwa. A ò mọ ojú eré náà,
orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń fo ògiri wá bá wa.

Kò yá, kò sì falẹ̀:
ìrìn ẹni tó ru garawa omi kún dẹ́nu,
tí kò fẹ́ kó ta sí òun lọ́rùn.
Dùùrù ló kọ́kọ́ wọlé. Fèrè tẹ̀lé e, ó pẹ́ díẹ̀,
bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ.
Mí tó yẹ kó ga, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bíńtín.
Bíńtín yẹn ló ń mú gbogbo ilé dákẹ́.

Mí mí dò mí.
Ó ń pè mí, lèmi gbọ́.
Ó ń tàn mí, ni Láyíwọlá wí, ó bú sẹ́rìn-ín.
Màmá á dáwọ́ dúró lórí ẹ̀gúsí tó ń bó:
"Dúró dè mí ni."
Ohun tí bàbá wa sọ ní gáréèjì nìyẹn, lọ́jọ́ tó ń lọ Kàdúná.
A kì í bá a jiyàn.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Ílọrin,
wọ́n tún eré àtijọ́ náà gbé jáde.
Mo sáré wọlé lọ wo àwòrán orin wa:
ọkùnrin kan ń fọ mọ́tò.
Mo ní kí wọ́n pa àwòrán, kí wọ́n fi ohùn sílẹ̀.
Ọmọ ìtajà wò mí:
"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa rà á ṣá?"