Gàárì Láàrin Òkè Méjì

Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ní Kálígárì.
Yìnyín ti bo òrùlé ilé ìkàwé.
Ojú ewé kẹta ni mo ti rí i:
ihò kan nínú ìṣirò mi,
kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ,
gbogbo agbára ìdọ́gba náà sì ti gba ibẹ̀ sá lọ.

Ọdún mẹ́ta.
Ẹ má bi mí ní iye ife kọfí.

Ìdọ́gba yìí kì í rìn tààrà.
Fi òkúta kan kàn án, ó lè dá ẹyọ kan padà,
ó sì lè wó ògiri lé ọ lórí.
Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ò ju èyí lọ:
ilẹ̀ agbára rẹ̀ ní kòtò méjì,
omi ń sùn nínú ọ̀kan, omi ń sùn nínú èkejì,
òkè sì dúró láàrin wọn.

Màmá mi pè láti Ẹ̀fọ̀n. Oòrùn ti mú lọ́dọ̀ tiwọn.
"Kí lo ń ṣe tí o ò tíì sùn?"
Mo ní mò ń wá ọ̀nà láti kòtò kan dé èkejì.
Nínú gbogbo ọ̀nà tó wà, wọn ò sì lóǹkà,
èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ rẹlẹ̀ jù ni mo fẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
"Ṣé torí ìyẹn lo ṣe wọkọ̀ òfurufú?
Nígbà tí mo ń ru kòkó lọ sẹ́yìn òkè,
ta ló gba góńgó orí rẹ̀ kọjá?
Ibi tó tẹ̀ bí gàárì la máa ń gbà.
Ẹrù ló ń kọ́ ọrùn lọ́nà."

Gàárì. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.
Ó ga ju kòtò ìhín àti kòtò ọ̀hún,
ó rẹlẹ̀ ju òkè ọ̀tún àti òkè òsì,
ilẹ̀ tẹ́jú níbẹ̀ níwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ kan.
Kò sẹ́ni tó lè kọ́lé síbẹ̀,
ṣùgbọ́n ojútùú ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Halvorsen, ọmọ darandaran,
tí bàtà rẹ̀ ṣì ń rùn bí ibùjẹ ẹṣin,
ti kìlọ̀ fún mi tipẹ́:
"Ìtẹ̀léra kan wà tí yóò máa gòkè,
tí ilẹ̀ yóò máa rọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, o óò ní ó ti gúnlẹ̀,
àṣé àìlópin ló dorí kọ.
Ó ti kó gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ lọ.
Òdo ló kù sí ọ lọ́wọ́."

Mo mọ irú wọn. Ọlátẹ́jú, àbúrò bàbá mi,
ló ní Wínípẹ́ẹ̀gì lòun ń lọ.
Lẹ́tà dé. Káàdì Kérésìmesì dé.
Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà fóònù tí kì í dún mọ́.
A ò gbọ́ pé ó kú. A ò gbọ́ pé ó dé.

Mo rìn dé etí odò Bow.
Omi dídì ń kérora lábẹ́ afárá,
ohùn kan nísàlẹ̀, òmíràn lókè rẹ̀, òmíràn,
àlàfo wà láàrin wọn, o lè kà wọ́n.
Ohun tó bá ní etí ló ń ní ohùn tó ṣeé kà.
Ìdọ́gba tèmi ò létí,
ó tẹ́ lọ bí pápá àlìkámà títí ojú fi rẹ̀.
Ìdí tí nǹkan fi ń sá nínú rẹ̀ nìyẹn.

Mo padà. Mo wọn gàárì. Mo wọn ìloro àìlópin.
Bí gàárì bá rẹlẹ̀ ju ìloro yẹn,
asálọ ò ní lókun tó máa fi ré e kọjá.
Ó rẹlẹ̀.
Fọ́nrán irun kan ló fi rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹlẹ̀.

Kílẹ̀ tó mọ́, Ṣìnúùkù, afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nì,
ti rọ́ wá láti orí àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn,
òrùlé ń kán tó, tó, tó.
Halvorsen kà á dé ojú ewé kẹfà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Ta ló fi ọ̀nà yìí hàn ọ́?"
Mo ní ẹnìkan tó ti ru kòkó rí.
Ó mi orí. Ó ṣí ewé.
Ó ní keje ṣì ń jò.