Ó Ku Mẹ́ta

Lẹ́tà náà ò gùn, ojú ewé kan péré:
"A gbà ọ́ wọlé, bí o bá parí gbogbo iṣẹ́ tí o kà fún wa."
"Bí" yẹn ni mo ń gbé kiri Tákíé láti àárọ̀,
bí ẹni tó kó ẹyin sápò ṣòkòtò.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni Físíìsì bọ́ lọ́wọ́ mi.
Ìyá mi wà ní ọsibítù,
orí bẹ́ǹṣì ni mò ń sùn, ìwé lábẹ́ orí,
n ò ṣí i.
Níbo ni mo fẹ́ kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù?
Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ò fẹ̀ tó ìka méjì.

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn ka èsì mi, ó tún un kà,
ó fi bíírò ha etí:
"Yúníìtì mẹ́ta ló kù. Kẹ́míṣìrì ṣì ṣí sílẹ̀.
Ọ̀sán òní ni wọ́n ń tì í."

Mo ti ta fóònù mi ní Sábó,
owó rẹ̀ ń làágùn lọ́wọ́ mi.
Èmi ni ẹnìkẹtàlá lórí ìlà.
Mọ́ńgòrò kan já lulẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì,
kò sẹ́ni tó yíjú wò ó.

"Ìwọ lo ju Físíìsì sílẹ̀?"
"Mo gbé e kalẹ̀ ni, mà,
kí n lè di ìyá mi mú."

Kò gbórí sókè.
Ó lu òǹtẹ̀.