Oṣù Mẹ́sàn-án

Ọmọ mi pé oṣù mẹ́sàn-án lónìí,
mẹ́sàn-án nínú, mẹ́sàn-án níta.
Nọ́ọ̀sì ti fi ọ̀kadà gbé kúlà dé Ọ̀llẹ̀,
yìnyín wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀,
ọ̀rọ̀ tìrẹ náà wà níbẹ̀,
ìwọ tí n kò mọ orúkọ rẹ.

Katikíìsì Medáyésè ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi
lẹ́yìn Mísà, nídìí ẹ̀rọ omi tó ti kú.
Ó ní ọmọ kan wà ní ìlú òtútù kan, kí wọ́n tó bí wa,
wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú kó tó tó ọmọ bíbí,
ẹnìkan bu díẹ̀ nínú ara rẹ̀ sínú ìgò,
díẹ̀ náà sì ń di púpọ̀,
kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dàgbà,
títí dòní kò tíì sinmi.
Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́ oògùn rùbẹ́là.
"Ìwọ tó ò ń ka rosárì fún àwọn ọmọ inú," ó ní,
"ṣé wàá na apá tìrẹ fún un?"
Ó ń wo bàtà rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú.

Mo pe Fadá ní Kábà. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já.
Ó ní Róòmù ti sọ ọ́: bí kò bá sí òmíràn, ẹ gbà á,
ẹ̀ṣẹ̀ náà jìnnà sí ọwọ́ ẹni tó gbọ́mọ dání,
ṣùgbọ́n ẹ má panu mọ́, ẹ máa bèèrè òmíràn.
Jìnnà tó mélòó, Fadá?
Kábà náà jìnnà sí wa,
a sì ń fẹsẹ̀ rìn ín.

Ìyá ọkọ mi ló gbọ́ bí mo ṣe ń yí lórí ẹní.
Òfì rẹ̀ ṣì wà, tó fi ara ti ògiri,
èyí tó fi hun aṣọ ìpò kí ojú rẹ̀ tó ṣú.
Ó ní, "Pupa tó wà nínú aṣọ àwọn ọba wa,
ibo lo rò pé a ti ń rí i?
Bùláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù la máa ń tú."
Mo ní, Ìyá, ẹni tó kú lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?
Ó dákẹ́ pẹ́.
"Àwa kọ́ la pa á.
Ṣùgbọ́n mo máa ń kí òwú náà ní òkun
kí n tó lọ́ ọ."

Nọ́ọ̀sì ní kò sí ara rẹ nínú ìgò yìí,
ilẹ̀ lo jẹ́, o kì í ṣe iṣu.
Mo ti ro oko rí.
Mo mọ̀ pé iṣu máa ń mú adùn ilẹ̀.

Ìbíyẹmí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ara ìyá rẹ̀ fi sú wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀
nígbà tó wà nínú, ẹnikẹ́ni ò kà á sí.
Ojú rẹ̀ funfun bí omi ògì.
Bí wọ́n bá ń lu aago ọ̀sán,
á fi àtẹ́lẹwọ́ lé irin rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín:
bó ṣe ń gbọ́ nìyẹn.

Mo wo ọwọ́ yẹn, mo bọ́ sórí ìlà.

N kò bú ìyá rẹ. N kò mọ ohun tó rù.
N kò sọ ọ́ lórúkọ, èmi kọ́ ni mo ni ọ́.
Abẹ́rẹ́ wọlé, ọmọ mi ké,
nọ́ọ̀sì sàmì sí káàdì, ó pe ẹlòmíràn.
Ní alẹ́, apá rẹ̀ gbóná díẹ̀.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, bíi ti Ìbíyẹmí,
bóyá màá gbọ́ nǹkan.

Òkun o.
Òkun o, ọmọ tí kò pé oṣù.