Òòlù Tí Mo Yá

Ẹrù ni mò ń dì, kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí.
Kí Catriona yéé fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù
bí ẹni ń rọ aláìsàn kó jẹun.
Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi gbé orí òkè yìí, ní Nova Scotia,
níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti máa ń kan ilẹ̀kùn
kí àlejò tó kàn án.
Yàrá méjì ló ń dúró dè mí ní Halifax,
àjà kẹrin, kò sí àgbàlá,
fèrèsé kan tó ń wo fèrèsé ẹlòmíràn.
Kí ni yóò wọ ibẹ̀?

Kẹ́tùlù mẹ́fà. Ta ló ra kẹ́tùlù mẹ́fà?
Agolo kan tó kún fún kọ́kọ́rọ́: mọ́kànlélógún ni mo kà,
kò sí ọ̀kan tó ń ṣí nǹkan kan.
Irun àgùntàn tí mo ní n óò fi hun súwẹ́tà
lọ́dún tí Catriona kọ́kọ́ wọ ilé ìwé;
òun náà ti ń fi awò kàwé báyìí.
Dùùrù ìyá ọkọ mi, ohùn mẹ́ta ló kù nínú rẹ̀,
èkúté ló jogún ìyókù.

Lọ́jọ́ Sátidé a kó gbogbo rẹ̀ sórí koríko.
Àwọn ará àdúgbò wá, wọ́n ń fọwọ́ kan nǹkan mi
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan òkú.
Murdina Gillis ra àwo funfun tí etí rẹ̀ ti kán.
Ó mọ̀ pé ó kán. Òun ló kán an,
lọ́jọ́ tí a sin Lauchie.
Dọ́là kan ni mo gbà. Ó ra òòlù mọ́ ọn.
Ranald, ọmọ apẹja ìsàlẹ̀ òkè,
gbé ẹ̀wù òtútù Lauchie wọ̀, ó sì bá a mu léjìká.
Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ,
díẹ̀ ló kù kí n pè é pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé.
Bí ilé fúnra rẹ̀ bá wá di ti ẹlòmíràn ńkọ́?
Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì talé rí.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ranald padà dé.
“Màmá, èyí wà nínú àpò.”
Bébà pélébé, kíká mẹ́rin,
ọwọ́ Lauchie, àwọn lẹ́tà tó ń ṣubú sápá òsì:
*ìṣó. iyọ̀ àgùntàn. òróró.
tún géètì ìsàlẹ̀ ṣe kí Effie tó tún sọ ọ́.*
Ọdún mẹ́fà ni ìwé náà fi wà nínú òkùnkùn àpò yẹn,
géètì ń ké, èmi ń sọ ọ́,
n ò mọ ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún.

Mọ́ńdè ni àwọn tó ralé ń bọ̀.
Ọmọlúàbí ni wọ́n; tìtìjú-tìtìjú ni wọ́n fi sọ fún mi
pé àwọn yóò wú géètì náà
kí ọ̀nà mọ́tò lè fẹ̀.
Mo ní ó dára. Ó sì dára.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sọ́ńdè mo lọ bá Murdina
pé kó yá mi ní òòlù mi.
Ó wò mí títí. Ó ní òun fẹ́ ẹ padà kílẹ̀ tó ṣú.
Ìṣó mẹ́rin, òróró díẹ̀ láti inú ìgò ìdáná,
orúnkún mi nínú ìrì,
àtàǹpàkò kan tí mo fi òòlù lù, tí mo sì fi bú Lauchie.
Mo ṣí i, mo tì í.
Kò ké.
Mo tún ṣí i. Mo tún tì í.
Lẹ́yìn náà mo gòkè lọ dá òòlù Murdina padà.